Ìdá Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun alẹ́ tán
ni mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí,
òrùka funfun kékeré kan ń yí po lójú rẹ̀
bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.
Faransé ló fi kọ ọ́, pẹ̀lú ìtẹríba:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa mí.
Ìdá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo lọ wẹ̀. Mo mu gaàrí.
Mo padà dé: ìdá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ta ló wá pa á? Èmi kọ́.
Iná ló lọ, ní agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀,
bí ìgbà tí ẹnìkan fa aṣọ lára ọmọ tó ń sùn.
Nígbà tí iná dé, ó ní àtúnṣe náà kò bọ́ sí i,
ó ní òun ń dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ó di ọdún kẹrin tí Filọmẹ́ẹ̀nì ti lọ,
ta ló tíì dá nǹkan kan padà fún mi sí bó ṣe wà?

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.
Mo ra mẹ́gà ẹgbẹ̀rún fáráǹkì, mo tún ra òmíràn,
ó ń kán tó, tó, tó.
Kétu la wà, a mọ ohun tó ń jẹ́ omi ọ̀nà jíjìn:
ìyá mi fa okùn kànga títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi yi bí awọ,
kò sì bú kànga rí.
Èmi bú kọ̀ǹpútà.

Rọ́másì dé, ọmọ tó ń tún fóònù ṣe nítòsí Ìdènà,
ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò, tí kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.
"Ọ̀gá, ẹ yọ okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ yọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn.
Ẹ pa á pátápátá, ẹ ka ení títí dé ọgbọ̀n."
Mo kà á sókè, bí ọmọ kíláàsì kìíní.
Ó tàn, ó tún kọ̀,
ó to òdo àti lẹ́tà jọ, gígùn bí orúkọ ọmọ ọba.
Rọ́másì kà á, ó mi orí:
"Kò ṣàìsàn o. Ilé ló kún. Kò síbi tí àlejò máa gbé ẹrù kà."

A ṣí i wò.
Fídíò ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta.
Ọ̀kan náà ni, ìṣẹ́jú kan náà, ẹkún kan náà,
àbúrò rẹ̀ obìnrin kan náà tó ń tún gèlè ṣe níwájú ibojì.
Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n máa dà á kọ, kí ọ̀kan má baà bàjẹ́.
"Ọ̀gá, ẹ pa méjì rẹ́."
Eku kékeré náà wà lábẹ́ ọwọ́ mi, kò rìn.
Èwo nínú mẹ́ta?
Rọ́másì bọ́ síta, ó ní òun ń wo ọ̀kadà òun.
Kò sẹ́ni tó ń jí ọ̀kadà ní ojúlé wa.

Mo pa méjì rẹ́.

Ìlẹ̀kùn méjì ni àwọn baba wa kàn sí Ìdènà:
o kọjá ọ̀kan, o dúró láàárín,
kí èkejì tó ṣí fún ọ.
Kọ̀ǹpútà náà kú, ó jí, ó tún kú.
Ojú rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí irun àgbọ̀n mi nínú rẹ̀.
Rọ́másì ti sùn sórí àga.
Àkùkọ Ìyá Sìdóní kọ, òrùka náà yí,
mi ò mí.
Ìdá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.