Àbẹ́là Mẹ́ta Nínú Àwo Àjàrá

"Ta ló kú?" ni Ìyá Fáúsíà bi mí ní Wàndó
nígbà tó rí àbẹ́là mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi,
òdòdó lọ́wọ́ òsì.
Mo ní kò sẹ́ni tó kú.
Ó wò mí láti òkè délẹ̀,
ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí aburú,
ó bá tirẹ̀ lọ.

Bíríkìlà ni mí.
Ọwọ́ tó mọ búlọ́ọ̀kù, tó mọ sìmẹ́ńtì,
kò mọ bí wọ́n ṣe ń to òdòdó.
Ṣùgbọ́n ilé ni ilé ń jẹ́, kékeré tàbí ńlá,
ìpìlẹ̀ ló ń ṣáájú.
Mo gbé àwo amọ̀ pẹlẹbẹ tí a rà ní Àjàrá
lọ́dún tí a bí àkọ́bí wa.
Etí rẹ̀ ti ṣẹ́ níbì kan;
mo yí ibi tó ṣẹ́ sọ́dọ̀ ara mi.
Mo bu iyanrìn etí ọ̀sà sí i,
mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
mo wọ́n omi sí i kó lè dì.

Àbẹ́là gíga láàárín, kúkúrú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Èyí tó ga tẹ̀ síhà Kútọnu díẹ̀.
Mo mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì iṣẹ́ mi,
mo gbé e tì í (ẹ má rẹ́rìn-ín)
títí omi inú rẹ̀ fi dákẹ́ sójú kan.

Òdòdó òrúrù, abẹ́ igi lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti ṣà á,
àwọn tí afẹ́fẹ́ já sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ kò tíì tẹ̀.
Akòko aláwọ̀ àlùkò, Bàbá Dọnasiẹ́nì
ló já a fún mi lára ọgbà rẹ̀,
kò bi mí ní nǹkan kan. Ọlọgbọ́n ni.
Mo fi efinrin há àárín wọn
nítorí òrúrù kò ní òórùn tó dára,
àti nítorí pé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn,
mo gbóòórùn efinrin ọwọ́ Àwẹ̀ró
kí n tó rí ojú rẹ̀.

Sátidé ló máa ń ti Kútọnu bọ̀.
A máa jẹun.
"Iyọ̀ dá?" "Ó dá." "Owó omi ńkọ́?" "Mo ti san án."
Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń sọ ọ́ báyẹn.
Ìdí nìyẹn tí n kò fi dá Ìyá Fáúsíà lóhùn tán.
Kò sẹ́ni tó kú.
Ó kù díẹ̀ ni.

Mo gbọ́ sẹ́mijàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Mo pa iná ilé. Mo ṣáná.
Ìṣáná kẹta ló tó gbà.

Ó dúró lójú ìlẹ̀kùn, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.
"Kúràn tún ti lọ?"
Rárá o, ti Bàbá Dọnasiẹ́nì ń tàn wọlé lójú fèrèsé.
Ó wo àbẹ́là, ó wò mí,
ó wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí mo gbàgbé sórí tábìlì.
"O fi èyí wọn àbẹ́là?"
Mo ní kò yẹ kó wọ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Kó tó jókòó, ó na ìka méjì,
ó fa òrúrù kan sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá iná;
etí rẹ̀ ti ń dúdú.
Gbogbo ìwọ̀n tí mo wọ̀n, n kò wọn ìyẹn.
Ó bọ́ bàtà. Ó yí àwo náà po,
ibi tó ṣẹ́ wá kọjú sí i.
"Àwo yìí," ó ní, "èmi ni mo fọ́ ọ."
Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe fọ́,
ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí,
ọbẹ̀ ń tutù,
ìda ń kán sórí aṣọ tábìlì,
a ò nù ún.