Ẹnì Kan Ló Kù

Wọ́n gbé ìwé kan wá láti Èkó lọ́jọ́ Ajé kan,
ìlà pupa inú rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń ti orí òkè Ìdànrè bọ̀.
Ọ̀gá wa nàka sí i: "Ẹ̀yin nìyí."
Èmi àti Akíndùró wo ara wa nínú ìlà.

Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ ka ìròyìn aago méje
lábẹ́ páànù tó máa ń jò sórí tábìlì
bí òjò bá ti apá Ìjàpọ̀ wá.
Òun á ka ti ìjọba, èmi á ka ti ìlú,
á yíjú sí mi, á ní, "Ó dọwọ́ rẹ, Yẹ́misí."

Wọ́n ní àwọn tó ń wò wá ò pọ̀ mọ́.
Akíndùró béèrè bí wọ́n ṣe kà wọ́n.
Wọ́n ní àwọn so àpótí kékeré kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní ogójì ilé.
Ó ní: ṣé ẹ so ó mọ́ ti Ìyá Fálànà ní Ìjù,
tó jẹ́ pé ojú fèrèsé làwọn aládùúgbò ti ń wò ó,
ọmọ lórí èjìká, àgbà lórí búlọ́ọ̀kù,
ẹni mẹ́tàdínlógún, tẹlifíṣọ̀n kan?
Ọjọ́ tí iná ò sí ńkọ́,
tí àgbẹ̀ Aládé ń pè mí lórí fóònù pé,
"Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń ra kòkó lónìí?"
Iná mànàmáná lẹ kà. Ẹ ò ka ènìyàn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn búburú.
Ó ní ọlọ́ṣẹ tó ń san owó dísẹ́ẹ̀lì wa ló ń fẹ́ ojú tuntun,
ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń da omi síra wọn lára;
iye owó kòkó á bọ́ sí aago mọ́kànlá òru,
nígbà tí àgbẹ̀ bá ti sùn.
"Ọ̀kan nínú yín lè dúró."

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.
A ti jọ sọ ọ́ rí, nínú mọ́tò ilé-iṣẹ́,
lọ́jọ́ tá a ń ti ìsìnkú ayàwòrán wa bọ̀ láti Oǹdó,
pé bí wọ́n bá lé ọ, èmi náà ń lọ.
Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.
Èmi náà ni mo dúró.
Mo lè ní owó ilé-ìwé ni.
Ọmọ mẹ́rin ni Akíndùró bí. Ẹyọ kan ni tèmi.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ka ti ìjọba.
Nígbà tó dé ibi tó ti máa ń yíjú sí mi
mo dákẹ́,
ojú mi lọ sí àga tí wọ́n ti gbé kúrò.
Olùdarí ń ju ọwọ́ lẹ́yìn dígí bí ẹni ń lé eṣinṣin.
Mo ka ti ìlú.
Kò sí àpótí tó ka ìdákẹ́ yẹn.
Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ìlà pupa gòkè díẹ̀,
wọ́n sì ra kéèkì.

Oṣù Ọ̀pẹ, mo ń lọ sí Ọ̀wọ̀.
Mo gbọ́ ohùn náà ní gáréèjì kí n tó rí ẹni tó ni ín,
ohùn tó sọ fún wa pé ìjọba ṣubú,
pé omíyalé gbé afárá lọ,
ó ń ti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti sán jáde:
"Ọ̀wọ̀! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o."
Kò ké bí àwọn yòókù.
Ó ń pe orúkọ ìlú náà tàmì-tàmì,
àwọn tó ń lọ Ìkàrẹ́ pàápàá dúró gbọ́ ọ.
Ọlọ́kadà kan ní, "Bàbá Ìròyìn nìyẹn.
Mọ́tò tiẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kún."

Mo fa ìborùn bojú. Ta ni mo ń tàn?
Ó ti rí mi.
Ó bẹ orí sínú mọ́tò, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ka ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀,
èyí tí awakọ̀ kankan kì í kà,
ó wá gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó yíjú sí mi
bó ṣe máa ń ṣe:
"Ẹnì kan ló kù."