Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta

Lọ́dọọdún, bí afẹ́fẹ́ bora bá ti ń ṣí òrùlé ní Trieste,
tí wọ́n na okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú,
wọ́n á ní kí n tún gbé fíìmù àtijọ́ náà sórí ẹ̀rọ:
ọmọbìnrin tó ń tẹ dùùrù,
tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lóru, tó lókìkí ní Vienna.
Àwọn èèyàn á sunkún.
Èmi ń ka ìṣẹ́jú.

Nerina Cossutta ni wọ́n kọ́kọ́ mú láti kó ipa yẹn.
Ọmọ oníbúrẹ́dì. Ìyẹ̀fun ṣì wà léèékánná rẹ̀
lọ́jọ́ tó jókòó ti dùùrù, tí olùdarí ṣí fìlà lórí.
Èmi ni mo gbé iná lé e lójú. Ọmọ ogún ọdún ni mí;
iná yẹn kò tíì kúrò lójú èmi náà.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi yà á.
Ní ọjọ́ karùn-ún bàbá rẹ̀ ṣubú níwájú ààrò,
apá kan ara rẹ̀ rọ. Àbúrò mẹ́ta, ìyá kò sí láyé.
Mo ní, "Jẹ́ ká lọ. Ayé ń dúró dè ọ́."
Ó ní, "Ayé ti jẹun yó, Tullio, ó lè dúró.
Àwọn yìí kò tíì fẹnu kan nǹkan."

Wọ́n mú ẹlòmíràn wá láti Milan,
wọ́n da gbogbo èyí tí wọ́n ti yà nù,
àfi ibì kan: obìnrin kan ń gun àtẹ̀gùn,
ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí, àti ọwọ́ rẹ̀ lórí irin,
tí ìka ń tẹ irin náà bí ẹni ń wá orin.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Wọ́n gbàgbé láti gé e ni.

Nínú fíìmù, bàbá dárí ji ọmọ, ó sì kú wẹ́rẹ́.
Bàbá Nerina kò kú wẹ́rẹ́.
Ọdún méjìlélógún ló lò lórí ibùsùn,
tó ń fi ẹnu tó wọ́ bú u pé búrẹ́dì kò wú.
Ó fẹ́ apẹja kan. Èmi ti lọ sí Róòmù lọ́dún yẹn,
mo ní mò ń wá orúkọ; orúkọ kò sí nílé.

Lálẹ́ àná ó wá. Ó sanwó. Ìlà kẹta, ẹ̀gbẹ́ ògiri.
Nígbà tí obìnrin orí àtẹ̀gùn yọ,
mo yọjú lójú ihò mi.
Kò wo àwòrán rárá. Ó ti dijú,
ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn àga iwájú,
ìka ń lọ, ìka ń bọ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kọjá.
Kò dúró.
Fíìmù tán.
Mo jẹ́ kí iná gbọ̀ngàn pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn.