Mẹ́rin Ló Kù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ka owó olówó
ní báńkì kan l'Óyèmẹ́kùn, l'Ákùúrẹ́.
Àtàǹpàkò mi ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.
Mo mọ owó ẹlẹ́ja kí n tó wo ojú ẹni tó mú un wá,
mo mọ owó oníbẹntiróò, owó alápatà
tó lẹ̀ mọ́ra wọn, tí a ní láti fi itọ́ yà nípá,
owó ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ká kéékèèké
bí ẹni pé ojú ń tì í.
Lálẹ́, n ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ kan ọbẹ̀.
Àdúrà mi nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ:
Olúwa, yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ yìí,
fún mi ní èyí tí í ṣe tìrẹ.

Ọjọ́bọ̀ kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀,
ẹ̀rọ tó ń bá wa kawó dákẹ́ bí àgbà tí wọ́n bú.
Bàbá Fápohùndà ló kàn.
Ó ti àbà kan lẹ́yìn Ìta-Ògbólú wá,
owó kòkó rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì,
ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dè é.
Eruku ọ̀nà ṣì wà nínú irun etí rẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ètè mi ò mì.
Ó kan gíláàsì:
"Ọma mi, kà á síta.
Ìbídùn ló máa ń kà á sí mi létí.
Ìkórè àkọ́kọ́ rèé tí kò sí níbẹ̀."

Mo ní: Wáànù, tuu...
Ó mi orí. "Kì í ṣe báyẹn ló ṣe ń kà á."

Ení.
Èjì.
Ẹ̀ta.
Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pòṣé.
Mo dé ogún, mo dé ogójì, mo ré kọjá;
ní àrùndínláàádọ́ta, ahọ́n mi kọsẹ̀.
Èmi ọmọ olùkọ́, èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lórí ìṣirò owó,
n kò mọ orúkọ owó tó wà lọ́wọ́ mi.
Bàbá bá mi gbé e:
"Ẹ̀rìndínláàádọ́ta.
Mẹ́rin ló kù kó di àádọ́ta.
Àádọ́ta fúnra rẹ̀, mẹ́wàá ló kù kó di ọgọ́ta.
Ìbídùn a máa ní, kò sí owó tó tíì dé ibi tó ń lọ."

Obìnrin kan lórí ìlà gbà á lẹ́nu wa ní ẹ̀tàdínláàádọ́ta.
Mẹ́gàádì náà dá sí i láti ẹnu ilẹ̀kùn.
Ọkùnrin kan bínú lọ.

Ta ló kọ́kọ́ kà báyìí nílẹ̀ wa,
tó wo mẹ́rìndínlógún, tó rí i pé kò ì kún,
síbẹ̀ tó ti fi orúkọ ogún pè é?
Ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀kan ló kù.
Gbogbo bí mo ṣe ń kà yẹn,
n kò gbọ́ ohun tí ẹnu ara mi ń sọ.

Ó parí sí ẹ̀tàdínláàádọ́rùn-ún.
Bàbá rẹ́rìn-ín, kì í ṣe sí mi.
Ó gba rìsíìtì, ó ká a, ó fi sínú agolo,
ó fi rọ́bà dè é padà bí ẹni pé owó ṣì ni.

Iná dé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó.
Owó oṣù mi kò yí padà,
owó ilé-ìwé ọmọ ṣì ku díẹ̀.
Ó ku díẹ̀.
Lálẹ́, nílé mi n'Íjọ̀kà, n kò gba àdúrà àtijọ́ yẹn.
Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.
Òórùn kòkó ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.
Mo fi jẹun.