Dígí tí Orpha Dá Padà

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ orúkọ rẹ
nínú ìwé ìkànìyàn mẹ́ta.
Ní Ohio, ìwọ ni Orpha.
Ní Iowa, akọ̀wé tí etí rẹ̀ wúwo pè ọ́ ní Orfy.
Nígbà tí o fi máa dé Nebraska,
lẹ́tà kan péré ló kù, O,
bí ẹnu tó là sílẹ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá tó bí ìyá bàbá bàbá mi,
láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sí ilé ẹjọ́ ìlú kékeré yìí.
Eruku ìwé ti kún imú mi.
Lavonne tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ń wò mí
bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó ti di ọbẹ̀.

Mo rí i pé ẹ sọdá odò Missouri,
oṣù karùn-ún, nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà:
ìwọ, Asahel ọkọ rẹ, ọmọ mẹ́rin.
Níbi tí ẹ gúnlẹ̀ sí, wọ́n kọ ọ́: ọmọ mẹ́ta.
Láàárín mẹ́rin àti mẹ́ta, ìwé kò sọ nǹkan kan.
Koríko ló mọ̀.
Àwọn màlúù náà mọ̀, wọ́n sì ti kú.

Mo rí ìwé ilẹ̀, ọgọ́jọ éékà.
Asahel fọwọ́ sí i, kò sí orúkọ rẹ níbẹ̀.
Kò sí ti àwọn Pawnee náà níbẹ̀,
àwọn tó ń gbin àgbàdo létí odò Loup
kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ pé odò kan wà níbẹ̀.
Nílé wa, wọ́n ní ilẹ̀ òfìfo lẹ bá.
Mo gbà á gbọ́ títí orí mi fi hewú.
Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ rèé níwájú mi,
ipa ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀ bí iṣan lẹ́yìn ọwọ́ àgbà.
Òfìfo kì í ní ọ̀nà.

Koríko àti erùpẹ̀ lẹ fi kọ́lé.
Bí òjò bá dá níta,
inú ilé ṣì ń rọ̀ fún ọjọ́ méjì.
Ọdún tí eéṣú jẹ oko, tó jẹ aṣọ lórí okùn,
tó jẹ ẹ̀rú ọkọ́ nítorí òógùn ọwọ́ tó wà lára rẹ̀,
Asahel lọ wáṣẹ́ sí ojú irin.
N kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó padà.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù
ni mo ṣí ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù Hiram Pruitt:
*Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá. Opó Tillotson.
Iyọ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà. Dígí kan, ogójì sẹ́ǹtì.*
Nísàlẹ̀ rẹ̀, yíǹkì mìíràn:
*Ọjọ́ karùn-ún. Opó Tillotson dá dígí padà. Kò fọ́.*

Kò fọ́.

Kò sí fọ́tò rẹ kankan, Orpha.
Mo ti bi àwọn ẹbí dé Oregon.
Kí lo rí nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta?
Ta lo bá pàdé níbẹ̀ tí o kò fẹ́ kó máa bá ọ gbélé?
Ó sì lè jẹ́ owó ìyẹ̀fun lásán.
Àwa tí ebi kò pa rí,
a máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan ní ìtumọ̀.

Lavonne ń mi kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́,
ẹ bá mi gbé ìwé ọdún tó tẹ̀lé e.
Bóyá o padà lọ rà á.