Ọṣẹ Gbèsè

Àpò mẹ́tàlélógójì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ojú mi ò gba ẹnu mi gbọ́.
Ọkọ̀ akóyanrìn ni Ògúndìjọ fi kó o wá
sí ojúlé wa ní Ìsọ̀kún, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku:
“Ìyá, ilé iṣẹ́ wa ti kógbá sílé.
Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n fi san owó oṣù wa,
òun náà ni mo kó wá san gbèsè ọkọ yín.”

Ọkọ mi, Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, òṣómàálò ọmọ òṣómàálò,
tó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti ìdájí títí adìyẹ fi ń wọlé,
kò lóṣòó mọ́. Oṣù karùn-ún rèé tó ti nà gbalaja.
Ta ni kí n wá bínú sí?

Mo to àpò kan àjà. Pálọ̀ ò ríran mọ́.
Mo ń sín bí ewúrẹ́ tó jẹ tábà.
Kí n tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gbóòórùn rẹ̀ ná.
Àwọn àgbà ní òbùn ríkú ọkọ tìrànmọ́.
Èmi ńkọ́, tí mo fi ọṣẹ ṣe ìrọ̀rí?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.
Nọ́ọ̀sì Àdùnmádéyìn gbé àpò mẹ́fà lọ sí Wẹ́sílì
fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn abiyamọ.
Kò bá mi ṣàwàdà, ó kàn buwọ́ lùwé.
Mo bu korobá méjì fún àwọn mẹkáníìkì;
Làmídì sáré padà wá, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́:
“Ẹ wo ilà ọwọ́ mi! Ẹ̀yin ẹ wò ó!
Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.”
Ṣíbí kan nínú gálọ́ọ̀nù omi, mo wọ́n ọn sẹ́fọ̀ọ́ ẹ̀yìnkùlé,
kòkòrò já bọ́. Bàbá Fáṣùnlé po tirẹ̀ ki,
ilá rẹ̀ gbẹ, ó yàn mí lódì fún ọjọ́ mẹ́ta.
Mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìyá ọkọ mi,
èyí tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè sún,
ó yọ̀ lọ bí ẹja àrọ̀.
Mo fi pààrọ̀ iṣu. Mo fi dirun.

Òjò àkọ́rọ̀ wá dé lọ́jọ́ Àìkú kan,
òrùlé jò sórí àpò mẹ́ta láìjẹ́ kí n mọ̀.
Ìfófòó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde,
ó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé ìdí gọ́tà,
àwọn ọmọdé oníhòòhò wọnú rẹ̀ dé orúnkún.
Òbúkọ dúdú Ìyá Bọ́ṣẹ̀dé kó sí i,
ó jáde ní funfun báláú;
Ìyá Bọ́ṣẹ̀dé fi ìgbálẹ̀ lé e: “Kì í ṣe tiwa!”
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo fọwọ́ bo ẹnu,
mo wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan rí mi.

Ó ku àpò mẹ́rin. Ó ti dì bí òkúta,
ọmọ odó ni mo fi ń fọ́ ọ.
Ògúndìjọ yà lánàá, ó wo pálọ̀ tó ti mọ́lẹ̀,
ó béèrè bóyá gbèsè ti tán.

Mo mú un dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá.
Dàńṣíkí aláró kan ló wà níbẹ̀ lórí ìṣó,
òógùn ọrùn rẹ̀ ṣì pọ́n yí ọrùn rẹ̀ ká,
apá òsì ṣì ń rùn fún tábà àti ìwé owó àtijọ́.

Ó wo ẹ̀wù náà, ó wo àpò ọṣẹ, ó wo mí.
Mo ní kó jókòó, kí n gbé omi wá.
Òbùn yẹn, ẹni tí gbogbo ayé ń fi ṣẹ̀sín,
ó ṣeé ṣe kó mọ ohun tó ń ṣe.