Láàárín Iṣẹ́ Méjì

Àga ìjọ mẹ́rìnlélógún ti lọ lánàá,
ọkọ̀ kó wọn gba Òkè Àró sọ̀kalẹ̀.
Pákó ilẹ̀kùn Ìyáàfin Ọlápèjú ò tíì dé láti ọ̀nà Ọ̀dà,
wọ́n ní òjò gé afárá.
Ọjọ́ mẹ́ta wá bọ́ sí mi lọ́wọ́
bí owó téèyàn bá nínú àpò ṣòkòtò àtijọ́.

Mo ní kí Bọ́lúwadúró gbálẹ̀.
Ó gbá a títí, ilẹ̀ ò hàn.
Ẹ̀fá arère ga dé orúnkún,
lẹ́búlẹ́bú ọ̀gànwó pupa bí ata gígún.
A bá ìṣó wíwọ́ tí mo ní n ó nà láti ìdúnta,
a bá ẹsẹ̀ àpótí kan tí kò ní ìkejì,
a bá pẹ́ńsùlù tí mo torí rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ lọ́rọ̀.
Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé e síwájú mi.
Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà gbá díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo fa àpò kòkó yọ lábẹ́ tábìlì.
Ìfági mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀,
ìyàwó ọ̀gá mi ló fi rán mi láti Òǹdó
ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú Orímísàn,
kí àwọn ọmọ má baà gbé e lé ìwọ̀n oníkóńdẹ́ẹ̀mù.
Ọdún méje. Mo ń sọ pé ọ̀la.
Ọ̀la náà dípẹtà.

Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ abẹ wọn mọ́jú.
Mo tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì fèrèsé tó fọ́,
mo ń tì í, mo ń fà á,
tì í, fà á,
èjìká mi ń bi mí pé iṣẹ́ ta ni.
Bọ́lúwadúró ní ẹ̀rọ oníná kan wà lẹ́bàá Ọjà Ọba
tó ń fági bí ẹni fárí.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló wá ń ṣe báyìí
tí wọ́n ti mú iná lọ láti àná?

Ẹ̀kẹta ló dá mi dúró.
Igi apá ni, ó wúwo bí ọmọ tó sùn.
Ibi tí àtàńpàkò ń gbé ti jẹ wọnú,
kòtò kékeré, ó ń dán,
ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òdì ló wà.
Mo ti gbàgbé pé ọwọ́ òsì ni ọ̀gá mi ń lò.
Ọdún mẹ́fà tí mo fi kọ́ṣẹ́,
iwájú rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí,
bí ẹni ń wo dígí.

Mo fi òòlù kan igi tó há a, abẹ jáde,
ẹ̀fá kan sì wà lábẹ́ rẹ̀,
ó ká bí ìka ọmọ tuntun,
fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Igi wo? Mo gbé e símú; kò lóòórùn mọ́.
Bóyá ilẹ̀kùn. Bóyá ibùsùn ìyàwó.
Bóyá pósí: ó máa ń kan pósí fún àwọn tí ò lówó,
kì í sì í ka owó ìfági mọ́ ọn;
ó ní òkú ò mọ pákó tó jọ̀lọ̀,
ṣùgbọ́n ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n.

N ò dà á nù. N ò tọ́jú rẹ̀ náà.
Mo gbé e sójú fèrèsé
kí atẹ́gùn dá ẹjọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo pọ́n abẹ lórí òkúta
títí ó fi ń gé irun apá mi.
Mo fi àdín pa igi lára, ó dúdú, ó mí.
Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e: kò gbà mí.
Mo pààrọ̀ ọwọ́.
Ó fò, ó kọsẹ̀, ó họ pákó bí èékánná,
Bọ́lúwadúró bú sẹ́rìn-ín:
“Ọ̀gá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́!”

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló dún fíì.
Ẹ̀fá kan jáde, ó gùn tó apá mi,
mo lè rí ilẹ̀ gbígbá láti inú rẹ̀.
Òjò ti dá.
Ọkọ̀ pákó ń fọn fèrè lójú títì.
N ò tíì fẹ́ kó dé.